Láti Orí Òwú Dé Orí Wáyà: Òòfà Tí A Ṣe ní Ìsẹ́yìn

“Ìyá Rọ́fíà, mo ti kìlọ̀ fún ọ o. Bí ọmọ yẹn bá ki ọwọ́ bọ wáyà iná, tí nǹkan wá ṣe é, má ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá bá ọ sunkún. Ìṣojú mi ni ti bàbá rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀.”

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Báṣírù, ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi nínú yàrá mi ní Ìsẹ́yìn, lẹ́yìn tí ọmọ mi ti sọ pé kò sí iṣẹ́ mìíràn tí òun fẹ́ kọ́ ju èyí tí èmi àti bàbá òun fi jẹun lọ. Rọ́fíà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Òun nìkan ni Ọlọ́run fún wa, ó sì pẹ́ kó tó dé. Irun ti ń funfun lórí mi nígbà tí mo gbé e pọ̀n. Ẹ̀rù ọmọ yìí máa ń bà mí. Èmi ni mo máa ń yọ áyọ́ọ̀nù lára ògiri, tí màá tún padà wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án wò, tí màá sì tún bi ará ilé pé ṣé lóòótọ́ ni mo yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ mí lára. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni wọ́n pa. Mi ò sì lè sọ pé iṣẹ́ tó fún mi láyọ̀ láti ìgbà èwe mi kò dára tó fún ọmọ mi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, kí Rọ́fíà àti àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tí wọ́n ń ro iṣẹ́ tí wọn yóò kọ́ lè mọ inú rẹ̀ àti ìta rẹ̀ kí wọ́n tó yàn.

Komu ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ni bàbá wa. Iṣu àti ọkà bàbà ni wọ́n ń gbìn. Nígbà tí mo jáde girama, mo wá bá ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsẹ́yìn, nítorí pé aṣọ òfì ni wọ́n ń tà, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn ká òwú fún àwọn ahunṣọ. Iṣẹ́ sùúrù ni òwú kíká. Bí o bá fà á jù, yóò já. Bí o bá dẹ̀ ẹ́ jù, yóò lọ́ mọ́ra. Kò pẹ́ tí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n.

Ní òdìkejì ọ̀nà, ní ọ̀kánkán ilé ẹ̀gbọ́n mi, ni ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Gàní wà. Ẹ̀rọ tó bá jóná ni wọ́n ń tún ṣe: ti fáànù, ti ẹ̀rọ tó ń fa omi, ti jẹnẹrétọ̀. Wọn yóò tú wáyà tó ti jóná nínú rẹ̀ kúrò, wọn yóò sì ká tuntun sí i. Lọ́jọ́ kan, wọ́n sọdá wá láti ra aṣọ tí wọn yóò fi rán fìlà, ojú wọn sì bọ́ sí ọwọ́ mi.

“Ta ló kọ́ ọ bí o ṣe ń to òwú tí ọ̀kan kì í gun èkejì lórí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà.”

“Ṣé o lè máa kà á bí o ṣe ń ká a?”

“Mo lè kà á, sà.”

“Títí dé ibo?”

“Títí òwú á fi tán, sà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbàgbé aṣọ tí wọ́n wá rà, wọ́n sì kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Ó ṣe díẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó gbà. “Obìnrin nídìí iná, Gàní?” Wọ́n ní kí ó búra pé iná kò ní gbé mi. Ọ̀gá ní ẹnì kan kì í búra lórí iná, ṣùgbọ́n òun ṣèlérí pé mi ò ní fọwọ́ kan ohunkóhun tí òun kò bá kọ́kọ́ fọwọ́ ara òun kàn. Bí mo ṣe wọṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ owó rẹ̀ kò gùn: mi ò di olówó, ebi ò sì pa mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ kí n tó lọ síwájú. Bí o bá ká wáyà mọ́ irin, tí o sì jẹ́ kí iná gba inú wáyà náà kọjá, irin yẹn yóò di òòfà, yóò máa fa irin ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Bí o bá pa iná náà, yóò tún di irin lásán. Òòfà tó ń jí, tó tún ń sùn ni. Òun ló ń yí fáànù, òun ló ń lu agogo ẹnu ọ̀nà, òun ló wà nínú ẹ̀rọ tó ń fa omi. Gbogbo iṣẹ́ ayé mi kò ju pé kí n mọ ohun tó ń mú òòfà yẹn lágbára, àti ohun tó ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ.

Ọ̀gá Gàní le. Wọn kì í nà wá, wọn kì í sì í bú wa. Ṣùgbọ́n bí ìyípo wáyà kan bá dín nínú iye tí wọ́n sọ, tàbí tí wáyà kan bá gun èkejì lórí, wọn yóò fi èékánná rìn lórí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọn yóò dúró, wọn yóò sì ní, “Tú u.” Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni pàṣán wọn. Mo ti tú wáyà tí mo fi gbogbo òwúrọ̀ ká, omijé sì ń já bọ́ sórí rẹ̀. Wọn yóò gbé omi fún mi mu, wọn yóò ní, “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó yá, oókan.”

Òfin wọn tó nira jù ni pé ẹni tó bá ń ká wáyà kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìkíni pàápàá kò sí. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìlú wa mọ ohun tí mo ń wí. Àgbàlagbà á kọjá, á ní “Ẹ kú iṣẹ́ o,” ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé á sì kúnlẹ̀ dáhùn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, bàbá arúgbó kan tó ń ti mọ́sálásí bọ̀ kí wa, orúnkún mi sì ti kanlẹ̀ kí n tó rántí òfin. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ ni wáyà dẹ̀ lọ́wọ́ mi, tí ìyípo òkè tú gẹ̀ẹ̀rẹ̀ lé orí ara wọn bí ìfun àgbò, tí iye tí mo ti kà sì fò lọ.

“Tú u,” ni Ọ̀gá wí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, bàbá náà tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo pa ẹnu mi mọ́, mo ń kà lọ. Bàbá dúró. “Ọmọ ta ni èyí? Ṣé adití ni?”

Ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ ló dá wọn lóhùn. Múfú lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ogbooro ni, ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú mi, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi àfi tí òun náà bá ń ká wáyà. “Bàbá, ẹ má bínú. Kì í ṣe adití. Ó ń ka ìyípo ni. Tó bá dá yín lóhùn báyìí, fáànù yín tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á kàn máa kùn, kò ní yí.”

“Fáànù mi nìyẹn?” Bàbá fà sẹ́yìn. “Ọmọ mi, má dá mi lóhùn o! Mo bẹ̀ ọ́, má dá mi lóhùn títí di ọ̀la!”

Láti ìgbà yẹn ni ó ti di àṣà wa pé bí a bá ti so ìdí wáyà tán, a ó jáde lọ kí gbogbo ẹni tó ti kí wa láì gbọ́ èsì. À ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, à ń kúnlẹ̀, à ń dọ̀bálẹ̀. Àwọn ará àdúgbò fẹ́ràn rẹ̀ débi pé àwọn mìíràn á mọ̀ọ́mọ̀ wá kí wa nígbà tí a bá ń kà, kí a lè wá bẹ̀ wọ́n wò nílé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Àlàájà Ṣàkírá, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọṣẹ́.

Àlàájà ní ẹ̀rọ lójú ọ̀nà tó lọ sí Ṣakí. Gbodo, iṣu gbígbẹ, ni wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀ di èlùbọ́ fún àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń sá gbodo lọ́dọ̀ wa: lórí àpáta, àti létí ọ̀dà níbi tí ọkọ̀ ń kọjá. Ibẹ̀ ni ìṣó àti irin wẹ́wẹ́ ti máa ń bá a wọ àpò. Bí irin bá wọ inú ẹ̀rọ, ó lè ká eyín ẹ̀rọ. Èyí tí kò bá sì ká a, yóò bá èlùbọ́ lọ. Ọmọ oníbàárà kan ti géyín mọ́ irin nínú ọkà èlùbọ́ tí ìyá rẹ̀ rò, ẹ̀jẹ̀ dà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé gbodo wọn gba ibòmíràn lọ.

“Gàní,” ni Àlàájà wí, wọ́n jókòó sórí àpótí wa, “ìwọ tí o ń ṣe òòfà sínú fáànù, ṣé o ò lè ṣe èyí tí yóò máa ṣọ́ ẹnu ẹ̀rọ mi ni?”

“A lè ṣe é, Àlàájà.”

“Kó lágbára o. N kò fẹ́ ọ̀lẹ.”

Òòfà oníná ló yẹ iṣẹ́ náà, nítorí pé bí ó bá ti kó irin mọ́ra tán, èèyàn kàn lè gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀, kí ó pa iná, kí gbogbo irin já sínú bàsíà. Ọ̀gá mọ bí wọn yóò ṣe ṣe é, ó dá mi lójú, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún wa. Wọ́n gbé bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù kan, ọ̀pá irin kan, wáyà, àti abọ́ ìṣó kan síwájú èmi àti Múfú.

“Ẹ lọ wádìí ohun tó ń fún òòfà lágbára. Ìṣó tó bá gbé ni ẹ ó fi wọ̀n ọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá yí méjì pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.”

Mi ò tíì gbádùn ara mi tó bẹ́ẹ̀ rí. A ká wáyà díẹ̀ mọ́ irin. Ó gbé ìwọ̀nba ìṣó. A sọ iye ìyípo náà di ìlọ́po méjì. Ìṣó tó gbé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Múfú fò sókè. “Ó tán! Ẹ jẹ́ ká lọ kó gbogbo wáyà ìlú yìí wá!” A ń ká a lọ, à ń ká a lọ, títí irin fi sanra bí aboyún. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, èyí tí à ń fi kún un kò mú àfikún ìṣó kankan wá. Ọ̀gá ní kí a ronú. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé wáyà tó gùn dà bí ọ̀nà tó jìn: bó ṣe ń gùn sí i ni iná tó ń rí ààyè gbà á kọjá ń dínkù. Bí a ti ń rí i gbà lápá kan là ń pàdánù rẹ̀ lápá kejì. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

A tú u padà sí ìwọ̀nba, a wá so bátìrì kejì mọ́ ti àkọ́kọ́ kí iná lè pọ̀ sí i. Ìṣó rọ́ mọ́ ọn bí oyin! Ṣùgbọ́n wáyà gbóná, awọ dídán tó wà lára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. A yí i padà sí wáyà tó nípọn díẹ̀, ooru náà rọ̀.

Ó wá ku irin àárín. A fi igi sí i wò. Kò lè gbé ju ẹyọ ìṣó tó fara kàn án. A fi irin tí a gé lára sípíríǹgì ọkọ̀ sí i. Ó gbé púpọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí a pa iná, àwọn ìṣó kan ṣì rọ̀ mọ́ ọn. Múfú ní, “Irin yìí dà bí àlejò ọjọ́ Iléyá. O ti ní ó dàárọ̀, kò dìde.” A wá fi irin rírọ̀ sí i, irú èyí tó wà nínú ẹ̀rọ àtijọ́. Ó gbé èyí tó pọ̀ jù, bí a sì ti pa iná, gbogbo rẹ̀ já bọ́ wàràwàrà. Níkẹyìn, Ọ̀gá ní kí alágbẹ̀dẹ tẹ irin náà bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ń jókòó, kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì kọjú síbì kan náà. Nígbà tí ẹnu méjèèjì jọ di irin mú, ọ̀tọ̀ ni agbára rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Àlàájà wá wò ó, òòfà náà gbé ọkọ́ tí kò ní èèkù sókè lójú wọn. Wọ́n sún mọ́ ọn láti wò ó dáadáa, ó sì gba ìdì kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n so mọ́ etí ìró wọn mú.

“Gàní! Ó fẹ́ tú mi sí ìhòòhò!”

A rẹ́rìn-ín títí Ọ̀gá fi ní láti pa iná. Àlàájà gbé e lọ tayọ̀tayọ̀. A gbé e kọ́ sókè ọ̀nà páànù tí gbodo tí wọ́n ti fọ́ wẹ́wẹ́ ń gbà yọ̀ lọ sẹ́nu ẹ̀rọ. Bátìrì méjèèjì àti súìṣì wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá injìnnì. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orin ìyìn wa ni àwọn èrò ń kọ.

Lẹ́yìn náà, ìṣó kan kọjá lábẹ́ òòfà náà láì dúró, ó sì ká eyín ẹ̀rọ.

Nígbà tí a débẹ̀, èrò kún ilé ẹ̀rọ. “Ọ̀lẹ lẹ gbé kọ́ mi lọ́rùn!” ni Àlàájà ń pariwo. Ọ̀gá mú mítà tí a fi ń wọn iná jáde. Wọ́n fi mítà wo bátìrì: ó pé. Wọ́n wo wáyà: kò já, kò sì jóná. Wọ́n ní kí a gbé òòfà náà sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Múfú gun àga, ó kọ́kọ́ tì í sí ẹ̀gbẹ́ kúrò lórí gbodo. Ó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ lọ pa súìṣì. Bó ṣe fẹ́ sọ̀ ni Àlàájà figbe ta.

“Kí lo tún ń sọ̀ bọ̀ wá ṣe? Fà á yọ ńbẹ̀, èrò ń dúró! Bátìrì lásán ni!”

Àgbà ló sọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Múfú. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà,” ó sì fi ọwọ́ lásán fa wáyà náà yọ.

Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi, tí wọn kò bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, gbé oúnjẹ mi wọlé. Wọ́n rí iná bùlà lẹ́nu wáyà, wọ́n rí Múfú tó fò sẹ́yìn bí ẹni tí àgbò kàn, wọ́n sì gbọ́ bí apá rẹ̀ ṣe dún nílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi etí sí èyí. Bátìrì yẹn nìkan kò lè ju èèyàn. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń ṣàn nínú wáyà tí a ká lọ́pọ̀ yípo mọ́ irin, tí o wá já a lójijì, agbára tó wà nínú òòfà náà kò ní kàn pòórá. Bí ọkọ̀ tó ń sáré ni. Bí o bá dí ọ̀nà rẹ̀ lójijì, ara rẹ ni yóò gbà kọjá.

Ọ̀gá sáré lọ pa súìṣì, wọ́n sì kúnlẹ̀ ti Múfú. Apá rẹ̀ ti dá, ṣùgbọ́n ó ń mí, ó ń sọ̀rọ̀. Mo yíjú sí òòfà tó ti bá a já sílẹ̀, nítorí mi ò lè wo apá náà. Ìgbà náà ni mo rí i pé ẹnu rẹ̀ méjèèjì ti sanra. Mo nù ún. Èlùbọ́ tó bò ó kúrò, àwọ̀ pupa àti ewéko yọ lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ òfì ni, tí wọ́n ṣẹ́ po léraléra, tí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ rán mọ́ ọn pinpin.

“Àlàájà, kí lèyí?”

“Èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún un,” ni Àlàájà dáhùn, ohùn wọn ti wálẹ̀. “Kí èlùbọ́ má bàa wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ilé mi, ṣé kí n fi í sílẹ̀ ní ìhòòhò ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Ṣé kì í ṣe aṣọ tí mo tà fún yín nígbà Iléyá nìyí?”

Múfú ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, níbi tó sùn sí. “Ẹ tú u wá, kí ẹ fi gbé apá mi kọ́. Òòfà ti jayé tó.”

Òfì náà ni wọ́n fi gbé apá rẹ̀ kọ́ lóòótọ́ lẹ́yìn tí wọ́n tún eegun rẹ̀ tò. Ó ń rìn káàkiri Ìsẹ́yìn bí ọmọ olóyè, apá náà sì jinná dáadáa. Èmi ni mo ń gbé oúnjẹ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí n padà síbi iṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní iṣẹ́ tó ń ju èèyàn kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ọ̀gá wá bẹ̀ wọ́n, wọn kò gbà. Ọ̀gá tún padà wá, wọ́n gbé òòfà náà dání pẹ̀lú gílóòbù kan tí wọ́n so mọ́ ìdí wáyà méjèèjì. Wọ́n ní bí ẹnikẹ́ni bá já iná náà, inú gílóòbù yìí ni agbára yẹn yóò gbà kọjá, kò ní bá ara èèyàn. Bí gílóòbù bá ń tàn, iná wà lára òòfà, kí ọmọ aráyé má fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi wo gílóòbù náà pẹ́. Wọ́n wá ní, “Gbogbo èyí tí ẹ bá ń ṣe lọ́dọ̀ yín, kó máa ní gílóòbù o.” Mo padà síbi iṣẹ́.

Ọ̀gá kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ aṣọ náà lọ lásán. Wọ́n ní kí a fi òfì sáàárín òòfà àti ìṣó, ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí a máa ka ìṣó. Ẹnu yà wá. Iná kò yí padà, wáyà kò yí padà, irin kò yí padà, síbẹ̀ bí ìṣẹ́po méjì mẹ́ta ti wọ àárín, ìṣó tó ń gbé já wálẹ̀ pátápátá. Àlàfo kékeré lè pa òòfà ńlá. A wá fi páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a gé lára ìdérí ìkòkò alumíníọ̀mù bo ẹnu rẹ̀, èyí tí òòfà kì í fà, tí kì í sì í gba èlùbọ́ láyè. Àlàájà ní aṣọ yẹn kò lẹ́wà tó ti àwọn. Ṣùgbọ́n àwọn èrò padà.

Èmi àti Múfú fẹ́ ara wa. Nígbà tí Ọ̀gá dàgbà, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún wa, ibẹ̀ la sì wà títí ojú mi kò fi lè rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́. Irinṣẹ́ yí padà lójú wa. Pátákó tí a ń fi ọwọ́ yí láti ká wáyà di ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìyípo fúnra rẹ̀. Mo kọ́kọ́ kórìíra rẹ̀, mo máa ń kà á tẹ̀lé e láti mọ̀ bóyá ó ń purọ́. Kò purọ́, èèyàn sì lè kí àgbà nígbà tó bá ń lò ó. Bátìrì tí injìnnì ń gba iná fún di ti sólà. Wáyà ayédèrú dé, èyí tó pupa lójú tó funfun nínú; mo máa ń fi ọ̀bẹ ha á kí n tó sanwó. Nísinsìnyí, wọ́n ń ta òòfà kéékèèké kan tí kì í sùn, tó lè fún èèyàn níka, àwọn ẹlẹ́rọ mìíràn sì ti ń lò ó. Mi ò bínú sí i. Iṣẹ́ tó ń yí padà ni iṣẹ́ tó ṣì wà láàyè.

Nígbà tí Rọ́fíà dé, mo fi ẹfun fa ìlà sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, mo ní kò gbọdọ̀ ré e kọjá. Kò ré e kọjá rí. Ṣùgbọ́n lórí ìlà gan-an ló máa ń jókòó sí, tí á na ọrùn. Bàbá rẹ̀ á ní, “Ìyá Rọ́fíà, ẹsẹ̀ rẹ̀ lo dá dúró, o ò dá ojú rẹ̀ dúró.”

Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi kìlọ̀ fún mi, mo ronú, mo sì rí i pé kì í ṣe ọgbọ́n Rọ́fíà ló ń bà mí lẹ́rù. Ó mọ̀wé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ó níwà. Kò sí ohun tí àgbà rán an tí kì í jẹ́.

Mo gbé òòfà kan sórí tábìlì nílé, mo gbé bátìrì sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti yọ ìdí wáyà kúrò lára bátìrì níbi tí Rọ́fíà kò lè rí, mo sì ti yẹ̀ ẹ́ wò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí náà kò sí iná rárá níbẹ̀. Gílóòbù àti súìṣì nìkan ni mi ò so mọ́ ọn. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá jókòó, bàbá Rọ́fíà náà sì wà lórí àga. Mo pè é.

“Rọ́fíà, fa wáyà yẹn yọ fún mi kíákíá, mo fẹ́ gbé e fún oníbàárà.”

Ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi, ó dìde, ó wo tábìlì yíká. “Màmá, súìṣì dà?”

“Mo ní kí o fà á yọ. Bátìrì lásán ni.”

“Mo gbọ́, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ibi tí mo ti lè pa á.”

“Ṣé èmi ni mo bí ọ ni, àbí ìwọ lo bí mi?”

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó tún kúnlẹ̀, ó wá kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. “Ẹ̀yin lẹ bí mi, Màmá. Ẹ má bínú sí mi. Mi ò ní fà á yọ.”

Mo dìde, mo dì mọ́ ọn, mo sì ń jó pẹ̀lú eékún tó ń dùn mí. Ọmọ náà rò pé nǹkan ti ṣe mí. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò wá.

“Ó kọ̀ sí ọ lẹ́nu,” ni wọ́n wí.

“Ó kọ̀ sí mi lẹ́nu, ẹ̀gbọ́n mi!”

Wọ́n yíjú wo bàbá Rọ́fíà. “Ká ní Múfú náà kọ̀ sí Àlàájà lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn…”

“Mi ì bá má ní ìyàwó,” ni bàbá rẹ̀ dá wọn lóhùn. “Oúnjẹ tó ń gbé wá fún mi ló mú mi.”

Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó já mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n fa Rọ́fíà mọ́ra, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n wò ó bí ẹni tó fẹ́ ra aṣọ. “Máa lọ kọ́ ọ,” ni wọ́n sọ fún un. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí ní Ṣakí, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́. Àyà mi ṣì ń já. Inú mi sì ń dùn.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Bí ọmọ kan bá kọ̀ láti fọwọ́ kan wáyà tí ẹ ní kó fọwọ́ kàn, tó ní kí ẹ jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lọ pa iná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é ní aláfojúdi. Ẹ dúró dè é.